Òkété àti Àgúnmu Ààwẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ ibí. Lápàdé, fi ẹní yẹn sílẹ̀ fún Mojírádé, ìwọ wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi níbí. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ fa àga yín wá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé oorun ti ń kùn yín ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó fẹsẹ̀ kọ òkúta, ó ṣubú lé Òkété lórí, Òkété ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bí àpò.

Ní ìgbà kan rí, òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún kan, oko sì so gidi. Àgbàdo tóbi, ẹ̀pà kún inú ilẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ẹranko wọ oko ọmọ èèyàn. Wọ́n jẹ, wọ́n jẹ, wọ́n tún jẹ. Nígbà tí òjò fi máa dá, gbogbo wọn ti sanra kọjá ààlà. Ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, kò lè fo odò kékeré ẹ̀yìn igbó mọ́. Ọ̀yà á sáré díẹ̀, á dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ti Òkété ló wá burú jù. Òkété kò lè wọ ilé ara rẹ̀.

Ihò ni ilé Òkété. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, láàárín àpáta méjì. Ó ti oko dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti orí bọ̀ ọ́, orí wọlé. Ó ti èjìká bọ̀ ọ́, èjìká wọlé. Ó kan ikùn, ikùn ní òun ò lọ.

Lápàdé ń bi mí pé kí ló dé tí kò gbẹ́ ẹnu ihò náà kó fẹ̀. Àpáta ni mo pè é, ọmọ mi. Ẹ̀kùrọ́ ni eyín Òkété lè fọ́, kò lè fọ́ àpáta.

Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà nínú ihò pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó yọjú.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ò ní wọlé ni?"

"Atẹ́gùn ni mo ń gbà."

"Láti ìjẹta?"

 Ọkàn Òkété ò balẹ̀. Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé. Bí ọyẹ́ bá dé, koríko á gbẹ, àwọn ọdẹ á dáná sun igbó. Ẹranko tó lè fò á fo odò, á bọ́. Òkété kì í fo odò ní tirẹ̀, ihò yẹn nìkan ló ní. Bí iná bá bá a níta, ó parí nìyẹn.

Ìyá Ìgalà, àgbà inú wọn, pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ wo ara yín," ló wí. "Bí iná bá dé bá wa báyìí, yíyan ló máa yan wá. Ààwẹ̀ la ó gbà. Tí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, ẹ jẹun. Tí ẹyẹ bá ti ń wọlé sùn, ẹ pa ẹnu dé. Títí oòrùn á fi tún yẹ̀ lórí lọ́jọ́ kejì, omi nìkan."

"Omi nìkan?" Ìmàdò ló bi í.

"Ṣé ohùn mi ò já gaara ni?"

Wọ́n gbà. Òkété náà gbà, ó tilẹ̀ pariwo jù wọ́n lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ebi dé. Òkété mu omi, ikùn rẹ̀ ń kùn gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀. Ó tún mu omi, ó tún ń kùn. Ó wá jókòó, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìgalà ní ká má jẹun. Kò ní ká má lo oògùn. Oògùn kì í ṣáà ṣe oúnjẹ."

Ló bá já ewúro, ó sá a sórí àpáta, ó gún un pọ̀ mọ́ àtalẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi sábẹ́ àpótí. Ó ta oyin sí i. Oyin mú un lẹ̀, ó bu ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan lé e kó lè gbẹ. Ó gún ẹ̀pà sí i kó lè kúnná. Ó tún ta oyin sí i, nítorí ẹ̀pà ti gba adùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣe tán, ẹni tó bá fẹ́ rí ewúro nínú àgúnmu náà, àfi kó tan fìtílà.

Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ṣe ń lo àgúnmu nílé wa. Ẹ̀kọ gbígbóná la fi ń mu ún. Òkété ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ba àṣà jẹ́. Ó po ẹ̀kọ kún odidi igbá, ó bu àgúnmu lé e, ó dà á mì gbẹ̀ẹ́. Ara tù ú.

Bó ṣe ń nu ẹnu lọ́wọ́ ni Ọ̀yà ń kọjá.

"Bàbá Òkété, ẹ kú ààwẹ̀ o."

"O ṣé, ọmọ mi. Ṣé ara le?"

"Níbo lara ti fẹ́ le? Òòyì ń kọ́ mi. Kí ló ń ta sánsán níbí yìí?"

"Oògùn ni."

"Oògùn wo ló ń ta sánsán bí àádùn?"

"Àgúnmu ààwẹ̀ ni. Gbààwẹ̀-má-rẹ̀ lorúkọ ẹ̀. Ó ń dá òòyì dúró, ó ń mú eékún le. Jẹ̀díjẹ̀dí tó bá gbóòórùn ẹ̀, á ti kẹ́rù."

Ọ̀yà gbé itọ́ mì. "Ṣé kò ní ba ààwẹ̀ mi jẹ́?"

"Ewúro àti àtalẹ̀," ni Òkété wí. "Ìwọ náà sọ ọ́, ta ni ewúro bà láàwẹ̀ jẹ́ rí?"

Ẹ rí i bó ṣe ṣe é? Èyí tó jẹ́ òótọ́ ló fi síwájú. Àwọn yòókù sá pamọ́ sẹ́yìn ewúro.

"Èló lẹ ń tà á?"

"Ṣé àjèjì la jẹ́ síra wa ni? Tóo bá ń jẹun nírọ̀lẹ́, kàn bu díẹ̀ wá."

Ọ̀yà mu tirẹ̀, ó bẹ́ lọ sọ fún Ìmàdò. Ìmàdò sọ fún gbogbo igbó. Kò pẹ́, àràárọ̀ ni wọ́n ń tò síwájú àpáta Òkété bí ẹni tó fẹ́ pọn omi ẹ̀rọ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àgbàdo wá, wọ́n á gbé ẹ̀pà wá. Òkété á jẹ títí ikùn á fi le bí ìlẹ̀kùn, á wá ti ìyókù wọ inú ihò fún Àyìnkẹ́.

"Bàbá wọn, a ò ríbi sùn mọ́ o. Àgbàdo ti gba gbogbo iyàrá."

"Ẹ sùn lé e lórí."

Ó tilẹ̀ dá orin fún wọn. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń gbààwẹ̀ tí ò rẹ̀ ẹ́?
*Àwa ni, àwa ni.*
Ta ló pẹnu dé láti àná?
*Àwa ni, àwa ni.*
Ewúro ni, àtalẹ̀ ni,
*Bù sí i, bù sí i.*
Ẹ̀kọ gbígbóná la fi ń mu ún,
*Bù sí i, bù sí i.*

Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ẹnìkan ò fọn. Ìmàdò sáré wá láti òkèèrè kó lè fo odò, àárín odò ló balẹ̀ sí, omi fọ́n ká. Ó jáde, ó ń gbọn ara.

"Odò yìí ti fẹ̀ sí i," ló wí.

Òkété náà lọ ti ikùn bọ ẹnu ihò. Kò lọ. Ó tilẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀.

"Àpáta yìí ló ń wú," ló wí. 

Ọyẹ́ dé. Ètè ń là, koríko ń ró kẹ́kẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí èéfín lókèèrè. Ìyá Ìgalà tún pè wọ́n jọ. Òun ti fúyẹ́ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta lórí ilẹ̀. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

"Ṣé ẹ ń gbààwẹ̀ ọ̀hún ṣá?"

"À ń gbà á, ìyá."

"Ìmàdò, wá. Kí ni èèrà ń wá létè rẹ?"

Ìmàdò fi ahọ́n nu ètè. "Oògùn ni mo lò láàárọ̀, ìyá."

"Oògùn. Ṣé ara èèrà náà ò yá ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìgalà ní kí wọ́n bu àgúnmu náà wá. Ó dà á sórí ewé kan. Ó gún ewúro lásán, ó dà á sórí ewé kejì. Wọ́n dúró. Èèrà kan wá, ó pe ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ pe ẹbí, gbogbo wọn bo àgúnmu Òkété bámúbámú. Kò sí ọ̀kan tó yà sọ́dọ̀ ewúro.

"Ewúro wà nínú tèmi náà," ni Òkété ń wí.

"Ó wà níbẹ̀," ni Ìyá Ìgalà dáhùn. "Ewúro ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó bá fẹ́ fi omi tútù mu ewúro lásán, kó máa mu ún. Oyin ńkọ́? Àgbàdo ńkọ́? Odidi igbá ẹ̀kọ tẹ́ẹ fi ń sìn ín lọ ńkọ́? Àràárọ̀ lẹ̀ ń jẹun, ẹ kàn yí orúkọ oúnjẹ padà ni."

Ìmàdò yíjú sí Òkété. "Ṣé o gbọ́? Àgbàdo mi. Ẹ̀pà mi. Ikùn mi rèé, ó ṣì wà níbẹ̀."

 Òkété ki eré mọ́lẹ̀, wọ́n gbá tẹ̀lé e. Ó dé ẹnu ihò, ẹ̀rù ò jẹ́ kó rántí ikùn. Ó bẹ́ sínú rẹ̀ gbìì. Orí wọlé. Èjìká wọlé. Ikùn há. Ó fẹ́ jáde, kò lè jáde mọ́. Ìdí rẹ̀ wà níta, ẹnu rẹ̀ wà nínú ilé.

Ìyá Ìgalà àti àwọn tó ń lé e dé, wọ́n bá ìdí. Wọ́n jókòó yí i ká.

"A ò lọ," ni Ìmàdò wí, "títí a ó fi gba oúnjẹ wa."

Ohùn Àyìnkẹ́ ti inú ihò wá. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àlejò mi. Oúnjẹ yín wà níbí, mi ò jẹ ẹ́ tán. Ẹ máa wọlé wá mú un."

"Níbo la máa gbà wọlé, ìyá?"

"Ẹ bi ẹni tó kọ ìdí sí yín."

Wọ́n fà á nírù, kò yọ. Òkété ń rọra bẹ ìyàwó rẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Àyìnkẹ́, fún mi ní oyin díẹ̀, kí ara mi lè yọ̀ kọjá."

"Ṣé ẹnu lẹ fẹ́ fi yọ̀ ni? Kí ló tilẹ̀ wú lẹ́rẹ̀kẹ́ yín yẹn? Ẹ yanu."

Ó tọwọ́ bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó ẹ̀pà jáde. Ó tọwọ́ bọ ti òsì, ó tún kó ẹ̀pà jáde. Ó bu omi wá nínú ìkarahun ìgbín, ó gbé e sí i lẹ́nu.

"Ìyá Ìgalà," ló ké síta, "ẹ bá mi ṣọ́ ìdí. Ẹnu wà lọ́wọ́ mi."

Bó ṣe di pé Òkété gbààwẹ̀ nìyẹn. Bí oòrùn bá yẹ̀ lórí, Àyìnkẹ́ á fún un ní ewé díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi. Àwọn àlejò náà ò kúrò níbẹ̀. Ojú ara wọn ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó lè yọ́ bu nǹkan sínú omi. Ewé díẹ̀ ni tiwọn náà lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìyẹn, omi.

Èéfín ń súnmọ́ tòsí. Òkété ń gbóòórùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kò sì lè bojú wẹ̀yìn.

"Àyìnkẹ́, tí iná bá dé kí n tó wọlé ńkọ́?"

 Àyìnkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fà á.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan, iná ń ró ní òdìkejì igbó, eérú ń bọ́ sí wọn lórí. Ọ̀yà ní kí àwọn fi í sílẹ̀, kí àwọn máa lọ. Ìyá Ìgalà ní, "Ẹ fi orí tì í lẹ́ẹ̀kan sí i." Ìmàdò fi imú tì í níta, Àyìnkẹ́ fà á nínú. Ikùn há díẹ̀, ó rò ó wò, ó sì yọ́ kọjá. Òkété bọ́ sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ ni Àyìnkẹ́ ń yí àgbàdo jáde níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ gba ẹrù yín o, ẹ̀yin àlejò."

Ìmàdò wo àgbàdo. Ó wo iná. Ó wo odò.

"Ẹ gbé e wọlé padà, ìyá," ló wí. "Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, oòrùn ò tíì yẹ̀ lórí, a máa lọ."

Ó sáré, ó fò, ó balẹ̀ sí òdìkejì odò lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀yà tẹ̀lé e. Ìyá Ìgalà ló fò kẹ́yìn.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní òun ń gbààwẹ̀, kó wo ohun tó ń bù sínú omi rẹ̀ dáadáa. À báà pe oyin àti ẹ̀kọ ní oògùn, oúnjẹ ni ikùn máa kà á sí. Tó bá sì jẹ́ pé oògùn gidi ni wọ́n fún ọ nílé ìwòsàn, bi wọ́n léèrè bí wàá ṣe lò ó kóo tó gbààwẹ̀, má lọ bi Òkété.