Omi Póòpù ní Òkè-Àfọ̀n

Orúkọ Póòpù kan tó ti kú láti ayébáyé, Píọ́ọ̀sì Karùn-ún, ni ìjọ Àgùdà Òkè-Àfọ̀n ń jẹ́. Bàbá Sìlífẹ́sítà, kátíkíìsì àgbà, fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá rẹ̀. A máa sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ pé darandaran ni Píọ́ọ̀sì nígbà èwe, pé òun ló mú kí Mísà ṣọ̀kan ní ilẹ̀ púpọ̀, àti pé, odindi Póòpù, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń tọ ìwọ́de. Nítorí náà, lọ́jọ́ àjọ̀dún rẹ̀, gbogbo ìjọ a bọ́ bàtà, wọ́n a kọrin gun òkè lọ sí orísun odò tí ìlú ń mu, wọ́n a sì kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

Nígbà tí Kalẹ́mẹ́ǹtì di olórí ọ̀dọ́, ó dìde níwájú ìjọ, ó ní ìrìn náà ti sú òun.

"Bàbá, ta ló tún mọ Píọ́ọ̀sì lóde òní? Ẹ jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí.

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù ló borí.

Ọdún mélòó kan kọjá. Odò ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fura. Ìyàwó Kalẹ́mẹ́ǹtì wá bí ọmọkùnrin tí wọ́n ti ń fi omijé tọrọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà gan-an ni odò gbẹ kanlẹ̀. Ìrìbọmi ku ọ̀la, Kalẹ́mẹ́ǹtì kò rí omi tí ìyá ọmọ yóò mu, ká má tíì sọ èyí tí Fadá yóò dà sọ́mọ lórí. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó tọ bàbá lọ.

Wọ́n jọ gun òkè. Igbó ti bo gbogbo ibẹ̀. Kalẹ́mẹ́ǹtì fi àdá ṣán an títí, kò rí nǹkan kan.

"Bọ́ bàtà rẹ," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ̀gún ń bẹ níbí."

"Ṣé ẹsẹ̀ Póòpù kì í ṣe ẹran ni? Bọ́ ọ, ọmọ mi."

Ó bọ́ ọ. Ó ń tẹ ilẹ̀ gbígbóná lọ, ó ń kérora, títí òtútù fi mú un ní àtẹ́lẹsẹ̀ lórí òkìtì ewé kan. Ó pariwo, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wa ẹrẹ̀. Omi sun jáde. Bàbá Sìlífẹ́sítà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Píọ́ọ̀sì ni wọ́n sọ ọmọ náà. Bí ọ̀dọ́ kan ní Òkè-Àfọ̀n bá sì bèèrè ohun tí òkú àtijọ́ wúlò fún, Kalẹ́mẹ́ǹtì ni í kọ́kọ́ bọ́ bàtà, a sì mú un gun òkè lọ sí orísun. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.