Apá Àga Tó Yan Ẹ̀rọ

Àga alápá tó tẹ̀ ni gbogbo ìlú mọ Láníyọnu káfíńtà mọ́. Ayùn ọwọ́ ló ti fi ń gé e láti kékeré, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti kọṣẹ́ báyìí. Bí kò bá rí ẹ̀rọ tó lè gé apá àga náà, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóyọ̀sí, gba ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ayùn lọ. Bí wọ́n ṣe wọlé ni ojú Láníyọnu lọ sára ẹ̀rọ gàgàrà kan.

"Ìyẹn ń la ìtì ìrókò sí méjì," ni ọlọ́jà wí.

"Ìyá Tóyọ̀sí, èyí ni! Bó bá ń bú ramúramù, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé mo ti dọ̀gá."

Ìyàwó rẹ̀ tú ìdì tó gbé dání. Pákó kan ló mú jáde, tí Láníyọnu fúnra rẹ̀ ti fi pẹ́ńsù ya apá àga sí.

"Ẹ jẹ́ kó gé èyí fún wa wò."

Ẹ̀rọ ńlá gé ibi tó gún wàì. Nígbà tó dé ibi tó tẹ̀, abẹ rẹ̀ tó fẹ̀ kò lè yí mọ́. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

Láníyọnu lóṣòó, ó wo abẹ náà títí. Ó wá lọ sídìí ẹ̀rọ kékeré kan ní kọ̀rọ̀, tí abẹ tirẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Ìyẹn gba ìlà pẹ́ńsù náà yí ká wẹ́rẹ́.

"Ọ̀gá," ni ọlọ́jà wí, "èyí mà kéré sí yín!"

Láníyọnu fọwọ́ ra èjìká rẹ̀. "Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ẹni tó bá ní àtàǹpàkò lòun máa fi ro tòun torí pé ó tóbi, kó má sunkún bí imú bá ya."