Bí Èsìsì Ṣe Di Ewé Tí Ń Jóni

Nígbà láéláé, kí ewéko tó yadi, kò sí ewé tó rọ̀ bí ewé èsìsì. Bẹ́ẹ̀ ni o! Èsìsì yìí kan náà tí ẹ máa ń sá fún lẹ́yìn ògiri. Bí ẹ bá máa rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in báyìí, torí kò sí ẹ̀rín níwájú.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àńkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn òdòdó pupa kan tó máa ń tanná lábẹ́ igi ńlá nínú igbó. Bí òun àti ìyá rẹ̀ bá lọ ṣẹ́gi, á já a, á fi í sí irun.

Ibà mú Àńkẹ́ lọ́jọ́ kan, kò sì dìde mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà gbé Àńkẹ́ lọ, wọ́n sin ín, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ibẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwẹ̀ró kò mọ ibi tí yóò kọjú sí kí ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ló bá wọ igbó lọ, ó kó èso òdòdó náà wálé, ó gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ògiri tí Àńkẹ́ ti máa ń ṣeré. Ó ní, "Níbí ni n ó ti máa kí ọ, ọmọ mi."

Òjò rọ̀, nǹkan hù. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló hù! Ọ̀kan ń dán, ewé rẹ̀ le díẹ̀. Èkejì rọ̀, ó ní irun wínníwínní lára. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n títí. Òdòdó tó ti tanná ló mọ̀, kò rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù rí.

Ìgbín ń wọ́ bọ̀ lórí ògiri.

"Ìgbín, ìwọ tí o mọ inú igbó, jọ̀wọ́, èwo ni òdòdó nínú méjèèjì yìí?"

Ìgbín mọ̀ ọ́n dáadáa. Òdòdó kékeré ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, ebi sì ń pa á.

"Hà, ìyá, ṣé èyí náà ni ẹ ń bèèrè? Èyí tó rọ̀ yìí ni. Ẹ fa àwọn tó ń dán yẹn tu kí wọ́n má baà fún un pa. Ẹ kó wọn síbí, n ó bá yín palẹ̀ wọn mọ́."

Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ta ló ní kó ro ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Àwẹ̀ró fà wọ́n tu tán. Ìgbín jẹ wọ́n tán.

Èsìsì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọmọdé ni, ọmọdé kì í sì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà.

Láràárọ̀, Àwẹ̀ró á gbé igbá omi bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ewé náà lára. "Àńkẹ́ ọmọ mi, ṣé o jí ire? Ṣé òtútù ò mú ọ?"

Ẹnikẹ́ni kò pe èsìsì lọ́mọ rí. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ni Àńkẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn, ó sì ń dákẹ́.

Nígbà tí òjò dáwọ́, Àwẹ̀ró lọ ṣẹ́gi. Ó rí abẹ́ igi ńlá, ó pupa fòò. Òdòdó ti tanná! Ó ju igi sílẹ̀, ó sáré wálé. Ewé lásán ló bá lẹ́yìnkùlé, ewé tó ga dé ìbàdí rẹ̀.

"Ta ni ọ́?" Ó bi ewé náà.

"Èsìsì ni mí, ìyá."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ kò bi mí, ìyá. Ìgbín lẹ bi. Ìgbà tí ẹ sì wá ń pè mí lọ́mọ..."

Àwẹ̀ró ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀. "Wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kó nù lọ. Àńkẹ́ mi kú, ó sì tún nù! Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á tu!"

Ó sunkún. Omijé rẹ̀ gbóná bí omi orí iná. Ó ń kán sórí irun wínníwínní ara èsìsì, irun náà sì ń fà á mu títí gbogbo rẹ̀ fi gbóná.

Àánú rẹ̀ ṣe èsìsì. Ó na ewé kan, ó fi kan ọwọ́ ìyá náà jẹ́jẹ́ láti tù ú nínú.

"Yéè!" Àwẹ̀ró fa ọwọ́ yọ, ọwọ́ ti lé wúwú. Ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni èsìsì ti ń jó ẹnikẹ́ni tó bá fara kàn án, tí àwọn àgbà fi ń sọ pé èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò padà sínú igbó. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ògiri ilé yín, ẹ ó bá a níbẹ̀, ó ń retí ẹni tí yóò jáde wá kí i láàárọ̀.