Ìdí Mọ́tò Olóyè Kò Gbọdọ̀ Wálẹ̀

“Màámi, kí ló ń gbé ìdí mọ́tò Olóyè sókè bí èèyàn bá wọ̀ ọ́?” Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹ̀rọ kan ló ń gbé e padà sókè. Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ lára mọ́tò àtijọ́ tí Olóyè Adégoróyè fi ń rìn, ó sì ní kí àbúrò mi, Mojírọ́lá mẹkáníìkì, fi sípíríǹgì lásán rọ́pò rẹ̀. Orí ilẹ̀ Olóyè ni gbogbo wa ń gbé, ó sì ní: “Bí àwọn àbúrò mi mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn tí ìdí rẹ̀ wálẹ̀, kó ẹrù rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi.” Mojírọ́lá fi sípíríǹgì líle sí i, ó sì kó àpò gàrí ńlá mẹ́ta tí ìyá wa yan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo bí èèyàn, sínú búùtù. Olóyè fúnra rẹ̀ fi ẹfun sàmì sára ògiri níbi tí ìdí mọ́tò ga dé. Bí àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe dé, Mojírọ́lá kúnlẹ̀. “Ẹ̀yin bàbá mi, àgbà kì í wá sọ́dọ̀ wa kó padà lọ́wọ́ òfo. Àpò kọ̀ọ̀kan wà fún yín ní búùtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ ara yín gbà á.” Wọ́n gbé àpò kalẹ̀, wọ́n súre, wọ́n wọ mọ́tò. Ìdí rẹ̀ kò kúrò lójú ẹfun. Olóyè wo ẹfun, ó wo àpò, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí!” “Ẹ ò ṣáà ní kí búùtù ṣófo, bàbá.” “Dúró sórí ilẹ̀ mi, jàre.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilé wa sùn fọnfọn.