Yanrìn Inú Ìkòkò Àwẹ̀ró

Omi òkun tó wà nínú ìkòkò ńlá ní ẹ̀yìnkùlé Olúgbódi ti ń rùn, ẹja inú rẹ̀ sì ń kú.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ni ẹja náà. Ọmọ etí òkun ni Àwẹ̀ró. Nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ, ó gbé omi ìlú rẹ̀ àti ẹja kéékèèké abìlà pupa dání, kí àárò ilé má baà máa sọ ọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn ará rẹ̀ ń fi ọkọ̀ gbé omi tuntun wá. Nígbà tó kú, wọn kò wá mọ́. Ta ni wọn ìbá máa gbé e wá fún?

Olúgbódi àti Ìgè, àbúrò Àwẹ̀ró tó bá a wá sí ìlú náà, pín ẹja náà sọ́nà méjì lẹ́yìn ìsìnkú. Ti àwọn méjèèjì ló ń kú. Bí Olúgbódi bá jí, á yọ èyí tó kú, á sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sin nǹkan.

Ni àwọn méjèèjì bá tọ Omi-kì-í-kánjú-tòrò lọ, arúgbó obìnrin tí í ṣe awo ìlú. Ifá ní kí wọ́n rúbọ, kí èyí tó kù má baà tẹ̀lé èyí tó ti lọ.

"Kí ni ẹbọ náà, Ìyá?"

"Ìkòkò tó níhò nídìí, irú èyí tí aláró fi ń sẹ́ omi eérú. Yanrìn. Èédú. Ìkarahun fífọ́. Ẹ dì wọ́n sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e ka orí ìkòkò ẹja. Ẹ máa bu omi ẹja sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ó máa kán padà."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tí ẹ kò bá fẹ́ rí ẹja mọ́."

Ìgè rẹ́rìn-ín. "Ìyá, iṣẹ́ ẹrú lèyí. Ṣé ewúrẹ́ kan kò lè tó ni?"

"Bí ewúrẹ́ rẹ bá mọ omi í bù, mú un wá." Awo yíjú sí Olúgbódi. "Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀. Yanrìn náà yóò dúdú. Ẹ má fi omi kànga fọ̀ ọ́. Ohun tí ń jẹ ẹ̀gbin omi ti kọ́lé sínú rẹ̀. Ẹ kò ní rí i, ṣùgbọ́n òun ni ẹbọ náà ń bọ́."

Aláró ni Àwẹ̀ró nígbà ayé rẹ̀. Ìkòkò aró Àwẹ̀ró ṣì dúró níbi tó fi í sí, eérú tó dì kẹ́yìn sì wà nínú rẹ̀. Olúgbódi kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó délé, ó jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Lẹ́yìn náà, ó kó eérú náà jáde. Ó fọ ìkòkò, ó di ohun tí awo kà sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi.

Kò sí ohun tó yí padà. Ẹja kan tún kú. Apá ń ro ó. Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀fọ̀ ti yí i lórí. Ó ń bu omi.

Ìgè náà ṣe tirẹ̀. Kò kọ ẹbọ, èèwọ̀ ló kọ̀. Nígbà tí yanrìn rẹ̀ dúdú, ó kó o lọ sí kànga, ó fọ̀ ọ́ títí tó fi funfun bí òwú.

"Àna mi, ẹ wá wo yanrìn!" ó ké sí Olúgbódi. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé inú ẹ̀gbin. Ojú yín á máa tì í lọ́run."

"Ó mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi," ni Olúgbódi wí, ó sì bu omi.

Kó tó di ọjà kejì, omi Ìgè ti ṣú, gbogbo ẹja rẹ̀ sì léfòó. Ti Olúgbódi mọ́ títí a fi ń rí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àwọn ẹja náà yé ẹyin sára amọ̀, ọmọ wọn sì kún inú omi.

Ìgè wá, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ fún mi ní díẹ̀. Kò sí nǹkan ẹ̀gbọ́n mi kankan lọ́wọ́ mi mọ́."

Olúgbódi kò mú ẹja. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò òkè, ó bu yanrìn dúdú ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sínú igbá, ó gbé e fún un.

"Dà á sínú ìkòkò tìrẹ. Máa bu omi lé e. Nígbà tó bá ti rẹ̀ ọ́, tí o kò sì fi í sílẹ̀, wá gba ẹja."

Ifá ní ẹni tó rúbọ, tó sì ń rú u lọ, òun ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ ire. Ẹni tó fi èèwọ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ti kábàámọ̀ ná, kó tó gba igbá.