Pẹ́pẹ́yẹ Dìde Lórí Ẹyin

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ehoro. Orí Pẹ́pẹ́yẹ kékeré inú adágún ló bà lé. Lórí ilẹ̀, tàgétàgé ló ń rìn. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí omi, jùmù! ó ti mòòkùn lọ.

Nílé wọn, Pẹ́pẹ́yẹ tó jẹ́ ọkọ ló ń sàba lórí ìtẹ́ ewé òṣíbàtà. Omíyalé, ìyàwó rẹ̀, a máa mòòkùn lọ wá oúnjẹ. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá máa dìde gbọ́dọ̀ fi ewé bo ẹyin. Bí Omíyalé bá ń lọ, a kọrin, ẹ gbè é:

Pẹ́pẹ́yẹ o, bò ó!
*Bò ó, bò ó!*
Oòrùn ń wò ó!
*Bò ó, bò ó!*
Olè ń wò ó!
*Bò ó, bò ó!*

Ni Kannakánná bá dé, aláṣọ funfun láyà, onínú dúdú! Ó rẹ́rìn-ín kèé-kèé-kèé.

"Ẹ wá wo ọkùnrin tó ń sàba! Ìyàwó ẹ ń jẹ ayé káàkiri, ìwọ lúgọ ti ẹyin. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣọkọ nìyẹn?"

Kannakánná tún un sọ. Ojú ti Pẹ́pẹ́yẹ, ló bá dìde fùú. "Màá fi hàn ọ́ pé ọkùnrin ni mí!" Ó wọ omi, ó ń lọ bá ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò bo nǹkan kan! Ẹ̀yin ọmọ, inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Kò tíì jìnnà tó fi gbọ́ pọ́ọ̀! Pọ́ọ̀! Ó yọjú: pupa ẹyin ti kún ẹnu Kannakánná. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù.

Pẹ́pẹ́yẹ gba abẹ́ omi, ó gán Kannakánná lẹ́sẹ̀, ó fà á wọ inú omi. Pẹ́pẹ́yẹ ní òróró ní ìdí ìrù tó fi ń ra ìyẹ́, omi kì í wọ̀ ọ́. Kannakánná kò ní. Ìyẹ́ rẹ̀ rin gbindingbindin.

"Ẹ ṣàánú mi!"

"O ṣàánú ọmọ mi bí?" Ó tẹ̀ ẹ́ rì.

Omíyalé dé, ó rí èèpo ẹyin. Èso òṣíbàtà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kannakánná ni," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti pa á."

"Ẹ ti pa á. Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ṣé Kannakánná ló gbé yín dìde ni? Ẹsẹ̀ ta lẹ fi dìde?"

Pẹ́pẹ́yẹ gun ìtẹ́, ó jókòó lé ẹyọ kan tó kù. Omíyalé mòòkùn lọ, kò kọrin.

Ibi tí àlọ́ mi rì sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí omi adágún kún mi lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ má fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ nítorí yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń fi yín ṣẹ̀sín, ohun tí ẹ̀ ń ṣọ́ ló fẹ́ jẹ. Bó bá sì ti jẹ ẹ́ tán, ìbínú ò da nǹkan kan fún yín mọ́.