Ta Ni Yóò Gbè fún Ọ̀gá Olórin?

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Jọláadé, mi ò gbọ́ ohùn tìẹ o.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àkùkọ, Ọ̀pọ̀lọ́ àti Ẹ̀gà, tí wọ́n ń jà sí ipò ọ̀gá olórin.

Àkùkọ ní, “Èmi ni mò ń jí ayé!”
Ọ̀pọ̀lọ́ ní, “Bí mo bá kọrin, òjò á rọ̀!”
Ẹ̀gà ní, “Ta ló lè kọrin látàárọ̀ dalẹ́ bíi tèmi?”

Erin, àgbà wọn, ní ẹni tí gbogbo agbo bá gbè fún ni òun yóò dé ládé. Àkùkọ dá orin. Àwọn méjì yòókù di ẹnu, ará ilé wọn náà di tiwọn. Nínú gbogbo agbo, Àdàbà nìkan ló gbè é. Ọ̀pọ̀lọ́ kọ tirẹ̀, Ẹ̀gà kọ tirẹ̀, Àdàbà nìkan náà ló ń gbè é.

Erin ní, “Àdàbà, dá tìrẹ ká gbọ́.”

Mo gbè fún Àkùkọ o,
*Ó gbè é!*
Mo gbè fún Ọ̀pọ̀lọ́ o,
*Ó gbè é!*
Mo gbè f'Ẹ́gà elẹ́nu wẹ́wẹ́,
*Ó gbè é!*
Ta ni yóò wá gbè fún mi o?
*Àwa ni!*

Kí àwọn mẹ́ta náà tó rántí pé ìjà làwọn ń jà, àwọn àti ará ilé wọn ti gbè é tán, adé sì ti wà lórí Àdàbà.

Jọláadé, ó ń bọ̀ wá kàn ọ́ láti pàlọ́. Wàá wo ọ̀tún, wàá wo òsì. Ta ni yóò gbè fún ọ?